Owó Ọkọ̀ Ló Wálẹ̀, Owó Ìtọ́jú Rẹ̀ Kò Wálẹ̀

Oòrùn ti ń rọ̀ lẹ́yìn àwọn òkè tó yí Atakpamé ká. Ní Agbonou, lójú ọ̀nà Nationale 1, àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó gbéra láti èbúté Lomé ń tò tẹ̀lé ara wọn bọ̀. Cinkassé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ, níbi tí Tógò ti bá Burkina Faso pààlà. Toyota ló pọ̀ jù. Òmíràn ru fìríìjì sórí, òmíràn ru mátírẹ́ẹ̀sì, inú òmíràn kún fún táyà dé òrùlé.

Àárín wọn ni ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà kan ti yọ. Òrùlé rẹ̀ kò ga ju àyà àgbàlagbà lọ, ìdí rẹ̀ fẹ̀, imú rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ejò tó ń gbóòórùn eku. Porsche 911 ni. Àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá pa ọjà tì, wọ́n sá tẹ̀lé e. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà zémìdján gbé èrò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fa fóònù yọ, ó ń yà á ní fọ́tò. Èrò tó gbé sẹ́yìn kò tilẹ̀ bá a wí.

Orí bọ́ǹpù ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ariwo tó sọ kò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí a bá fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ọkùnrin tó ń wà á bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà títì, ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó fa ọwọ́ yọ, ọ́ìlì dúdú ti kun ìka rẹ̀ méjì. Ó fi àtàǹpàkò ra á, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Èrò ti pé lé e lórí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: mélòó ló rà á? Mẹkáníìkì àgbà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ nìkan ni kò béèrè owó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde.

"Àbúrò, ta ló bá ọ wo abẹ́ rẹ̀ kí o tó sanwó?"

"Bàbá, mi ò mú ẹnikẹ́ni dání. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú mi, ó dún dáadáa."

Àgbà náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun tì í wọ inú ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló sọ ọ́ di olówó pọ́ọ́kú?

Oníṣòwò ni ọkùnrin tó ni ọkọ̀ náà, àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ló ń rà káàkiri abúlé, tó ń kó wá sí ìlú. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló wà tó ti rí àwòrán ọkọ̀ yìí nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, ó sì gé e lẹ̀ mọ́ ara àpótí rẹ̀. Nígbà tó wá rí i gan-an ní gáréèjì tòkúnbọ̀ kan nítòsí èbúté Lomé, tí owó rẹ̀ kò tó ti Corolla tuntun, ó gbà pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà òun.

Mi ò ní bú u. Èmi náà fẹ́ràn ọkọ̀ yìí. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta níbi àfihàn ọkọ̀ ní Frankfurt, ní Jámánì, ẹ̀yìn ni wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí láti ìgbà náà títí dòní. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí lórí òkè mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ìfẹ́ ṣe ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran.

Tuntun rẹ̀ lónìí lé ní 120,000 euro ní Jámánì. Nígbà tí euro 1 jẹ́ fáráǹkì CFA 655.957, ó lé ní mílíọ̀nù 78 lọ́wọ́ tiwa. Ká ní wọ́n wá fi èyí tó ti lo ogún ọdún lọ̀ ọ́ ní 20,000 euro, ìyẹn mílíọ̀nù 13 àti díẹ̀. Ojú yóò kọ́kọ́ tàn. Ìdá mẹ́fà owó tuntun ni!

Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé e ni pé, kí ló dé tí ará Yúróòpù tó ní in fi jọ̀wọ́ rẹ̀? Ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọkọ̀ náà gbádùn rẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣì ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹnì kejì pààrọ̀ táyà àti bíréèkì. Ẹnì kẹta gbọ́ ariwo kan ní ìdí ẹ́ńjìnnì, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n ka iye tí yóò ná an fún un, ó sì rí i pé ó sàn kí òun tà á. Gbogbo ẹni tó ń ra ọkọ̀ níbẹ̀ ló mọ ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi ń já wálẹ̀. Iye tí wọ́n yọ kúrò lórí rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè tó ń bọ̀ ni wọ́n ti yọ sílẹ̀ dè ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣojúkòkòrò irú ọkọ̀ yìí ní Atakpamé mọ̀ nìyẹn. Irú ẹ̀yà ara tó wà nínú ọkọ̀ mílíọ̀nù 78 náà ló wà nínú ọkọ̀ mílíọ̀nù 13. Bíréèkì rẹ̀ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti di tòkúnbọ̀. Ọjọ́ tó bá jẹ tán, owó bíréèkì ọkọ̀ olówó ńlá ni wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ.

Láti Brussels dé Lomé

Ọ̀nà tí ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ti là tipẹ́. Ní Brussels, olú-ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Heyvaert, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń kó ọkọ̀ àlòkù jọ láti fi ránṣẹ́ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wà wọ́n lọ sí èbúté Antwerp, wọn yóò wa wọ́n wọ inú ọkọ̀ ojú omi, ó di Lomé, Cotonou tàbí Èkó. Èbúté Lomé, tí wọ́n ṣí ní 1968, jìn dáadáa, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá sì ń rí ibẹ̀ gúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹrù Burkina Faso, Niger àti Mali fi ń gba ibẹ̀ wọlé, tí ó sì ń gba iwájú ilé wa ní Atakpamé kọjá.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká gbé ìwádìí kan jáde ní 2020. Wọ́n ní láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní kọjá àyẹ̀wò mọ́ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kúrò.

Àwọn ìyá tó mọ iye Bẹ́ńsì

Ọkọ̀ olówó iyebíye kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Tógò. Láti bí ọdún 1960 sókè dé àwọn ọdún 1980, àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ àǹkárá ilẹ̀ Holland ní ọjà ńlá Lomé rí towó ṣe débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn. Nana Benz ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí. Nígbà tí ìjọba bá ní àlejò pàtàkì láti ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yìí ni wọ́n ti ń yá ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àlejò.

Àwọn àgbà tó mọ ìgbà náà máa ń sọ pé afẹ́ nìkan kọ́ ló gbé àwọn ìyá náà dé ìdí Bẹ́ńsì. Mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú wà ní Lomé, wọ́n sì ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Bí òwò bá dẹnu kọlẹ̀, ẹni tí yóò rà á kò jìnnà. Wọ́n wo ìgbà títà kí wọ́n tó wo ìgbà rírà. Lójú tèmi, ìdíyelé ọkọ̀ tó péye jù tí ẹnikẹ́ni ti ṣe rí ní ilẹ̀ Tógò nìyẹn, àwọn tó sì ṣe é kò lo kọ̀ǹpútà.

Oṣù kìíní ọdún 1994 ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Fáráǹkì CFA tí a ń fi 50 rẹ̀ gba fáráǹkì Faransé 1 di 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun gbogbo tó ń ti òkèèrè wá di ìlọ́po méjì. Òwò aṣọ wọn fara gbá a gidigidi. Ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba, tòkúnbọ̀ sì gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà náà ní Atakpamé, àgbà tó ti ń tọ́mọ ni wọ́n báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì jókòó sínú ọkọ̀ tuntun rí.

Ohun tí fítà ọ́ìlì ń sọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mẹkáníìkì àgbà náà gbé 911 sókè. Àwo irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gba ọ́ìlì dúró ló ti sán, kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Wọ́n lè lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ó tú fítà ọ́ìlì, ó fi ọ̀bẹ gé ìwé inú rẹ̀ yíká, ó tẹ́ ẹ sórí pákó funfun níta nínú oòrùn bí ẹni sá aṣọ. Ó fi ìka tẹ ìpele ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ó fà á lórí rẹ̀.

Ohun tó ń wá yé e. Nínú ẹ́ńjìnnì 911 tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1998 sí 2008, àti ti Boxster, Porsche mìíràn, láti 1997, ọ̀pá irin kan wà tí wọ́n ń pè ní IMS. Bẹ́árìn kékeré kan ló gbé ìdí rẹ̀ dúró. Bí bẹ́árìn náà bá fọ́, irin yóò dà sínú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì yóò ṣi ìgbà tó yẹ kó ṣí fáàfù, fáàfù yóò gbá písítìnì, ó parí. Kò ní kìlọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ni ọkọ̀ náà gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì yanjú rẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ náà ní 2013. 911 Turbo àti 911 GT3 ìgbà náà kò ní ìṣòro yìí, nítorí ẹ́ńjìnnì tiwọn yàtọ̀. Láti 2009 ni wọ́n ti yọ ọ̀pá náà kúrò nínú àwọn yòókù pátápátá.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ti rin ọ̀nà jíjìn láìsí wàhálà, àwọn kan sì wà tí wọ́n ti fi bẹ́árìn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ yóò béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ìwé kan ṣoṣo yìí sì lè fi owó gidi kún iye ọkọ̀. Ọkọ̀ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan níye lórí ju èkejì lọ fíìfíì nítorí ìwé tó wà nínú rẹ̀.

Fítà ọkọ̀ oníṣòwò wa mọ́. Kò sí irin nínú rẹ̀. Àgbà náà mí kanlẹ̀, ó ní, "O ríre. Ṣùgbọ́n oríire ni o fi rà á, o ò fi ojú rà á."

Àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ ń sọ òótọ́

Mo béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì àgbà náà àti lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Lomé, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá dé iwájú irú ọkọ̀ báyìí. Ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan: dé ibẹ̀ kí àwọn tó ń tà á tó tají. Gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bí ó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan ti jí ṣáájú rẹ láti fi ohun kan pamọ́ fún ọ. Ẹ́ńjìnnì tí inú rẹ̀ ti ń ha máa ń lù tàkì-tàkì nígbà tó bá tutù, ohùn náà a sì rọlẹ̀ bí ó bá gbóná. Lẹ́yìn náà, wo ẹnu páìpù èéfín méjèèjì. Bí ọ̀kan bá dúdú ju èkejì lọ, béèrè ìdí.

Wo ara táyà: nọ́ńbà mẹ́rin wà nínú òrùka kékeré kan. Bí ó bá jẹ́ 2318, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ń dán tó sì ti ju ọdún mẹ́wàá lọ kò yẹ fún ọkọ̀ tó ń sáré. Bí irin tó di bíréèkì mú bá jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ìyẹn ni pé àwo bíréèkì rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi amọ̀ sísun àti káábọ̀nù ṣe. Owó àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ra ọkọ̀ kékeré kan. Fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Bí ilà omi bá wà lára rẹ̀, ọkọ̀ náà ti mu omi rí. Ìjì Harvey tó jà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 nìkan ri ọkọ̀ tí kò níye, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ alágbàtà kan ní Lomé bóyá ó máa ń sọ àbùkù ọkọ̀ fún oníbàárà. Ó wò mí, ó ní bí oníbàárà bá béèrè, òun á dáhùn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀.

Ìwé tó wà nínú dúróà

Àmì 17 ló wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà, tó dúró bí ìlà ojú fún un. Kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì í kà. Bí ó bá fi W bẹ̀rẹ̀, Jámánì ni. WP0 jẹ́ ti ọkọ̀ eré Porsche. Ó wà ní ìdí gíláàsì iwájú, ó wà lára òpó ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu láìyẹ̀ ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ti ha ọ̀kan nínú wọn, má ṣe bi ẹni tó ń tà á. Kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọlọ́pàá àgbáyé Interpol àti àwọn agbófinró orílẹ̀-èdè 12 ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà yẹ ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà àti ní ibodè. Nǹkan bí 150 ọkọ̀ tí wọ́n jí ni wọ́n rí. Kánádà ni wọ́n ti jí èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó fi owó òógùn rẹ̀ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò pàdánù ọkọ̀, yóò sì pàdánù owó.

Ìwé mìíràn tún wà. Láti 2006, òfin Bẹ́ljíọ̀mù ní kí ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ àlòkù fún ará ìlú fún un ní ìwé Car-Pass, tó to gbogbo kìlómítà tí wọ́n ti kà lára ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ní Faransé, ìjọba ṣí ìkànnì HistoVec ní 2019, ẹni tó ni ọkọ̀ sì lè fi ìtàn ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ rà á lọ́fẹ̀ẹ́. Jámánì máa ń yẹ ọkọ̀ wò ní ọdún méjì-méjì. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá láìní ìwé kankan kò ṣàdédé di aláìníwèé. Ẹnìkan ló yọ ọ́.

Ti ìhín náà tún wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gba Atakpamé kọjá, ìwé tíráńsíìtì ló wà lọ́wọ́ wọn: Tógò kò gba owó ibodè lórí wọn, nítorí ibòmíràn ni wọ́n ń lọ. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò ta ọ̀kan fún ọ ní ẹ̀dínwó lójú ọ̀nà, owó ibodè tí kò san ló ń gbé lé ọ lórí. Ẹni tó ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù ní èbúté ṣàlàyé fún mi pé iye tí aṣọ́bodè bá ka ọkọ̀ sí ni wọ́n fi ń ṣírò, kì í ṣe iye tí o sọ pé o rà á, lẹ́yìn ìyẹn ni owó orí ọjà TVA, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò tún gun orí rẹ̀.

Iye rẹ̀ ní Atakpamé

Àwa ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ana la tẹ ìlú yìí dó sáàárín òkè, a sì ń ka orírun wa dé Ilé-Ifẹ̀. Òkè ni ààbò wa láyé àtijọ́. Kò ṣe ojúure sí ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ kò ga ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Láti ojú títì dé Djama tàbí Woudou, òkúta wà, gọ́tà wà, bọ́ǹpù wà, erùpẹ̀ pupa sì wà. Rédíétọ̀ 911 wà ní igun iwájú méjèèjì, nísàlẹ̀ pátápátá, ewé gbígbẹ àti eruku a máa kó síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Mẹkáníìkì wa sọ pé nígbà ọyẹ́, ó yẹ kí wọ́n fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ọ̀rọ̀ epo le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu táǹkì ọkọ̀ yìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé epo bẹntiróòlù tí wọ́n fi nọ́ńbà 98 mọ̀ ló fẹ́. Lẹ́bàá ọ̀nà wa, epo tí wọ́n ń pè ní bùdẹ̀, tó gba ẹ̀yìn ibodè wọlé, ló wà nínú ìgò lórí tábìlì. Ẹni tó ń tà á ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun gan-an kò mọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Ọ̀kadà lè mu ún kó sì rìn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún epo 98 kò lè mu ún pẹ́.

Owó iṣẹ́ tó kéré jù ní Tógò jẹ́ 52,500 fáráǹkì lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ọkọ̀ mílíọ̀nù 13 jẹ́ owó oṣù bí 250, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 21. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó oṣù yẹn kọ́ ló ń ra Porsche. Ṣùgbọ́n láàárín irú wọn ni oníṣòwò tó rà á ń gbé, láàárín wọn náà ni yóò sì ti wá ẹni tí yóò tà á fún bí òwò bá lọ sílẹ̀. Ní Stuttgart, ní Jámánì, ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè ra 911 lọ́la. Ní Atakpamé, ó lè má ju ẹni méjì lọ, àwọn méjèèjì sì lè ti mọ̀ pé ó fara gbá bọ́ǹpù ní Agbonou. Iye tí ọkọ̀ jẹ́ níhìn-ín ni iye tí àwọn méjì yìí bá fẹ́ san.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Hamburg sọ bí wọ́n ṣe ra Mercedes kékeré onílẹ̀kùn méjì ní tiwọn. Ẹ̀gbọ́n ní owó lọ́wọ́, ó pín in sí méjì, ó fi apá kan ra ọkọ̀, ó fi apá kejì pamọ́ fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Nínú apá kejì ló ti ra fítà, púlọ́ọ̀gì, bíréèkì àti ṣọ́kì, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ náà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. "Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè ra ọkọ̀ tí owó òun tó. Èyí tí owó òun jù lọ ni òun ń rà." Ọkọ̀ náà ṣì ń rìn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń gbé e jáde.

Kìlómítà tí kò bá ìwé mu

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀rọ̀ oníṣòwò wa tó yanjú. Ọmọ mẹkáníìkì náà, tó kọ́ṣẹ́ ní Lomé, yá ẹ̀rọ tó lè bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà sọ̀rọ̀. Kìlómítà 94,000 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà ní ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 4,200. Ọmọ náà pín ọ̀kan sí èkejì lórí fóònù rẹ̀, ó rí kìlómítà 22 ní wákàtí kan. Ó tún un pín. Ó ní, "Bàbá, ta ló ń fi Porsche rìn bí kẹ̀kẹ́ ní Jámánì?"

Ìgbà yẹn ni àgbà náà ṣí dúróà iwájú ìjókòó. Ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ wà níbẹ̀, èdè Jámánì ni, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà kò nílò èdè Jámánì láti kà á. Òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 2016. Kìlómítà tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni 168,000. Bí a bá fi wákàtí 4,200 pín ìyẹn, ó kéré tán 40 ni yóò fún wa, bó ṣe yẹ kó rí.

Ẹni tó yí kìlómítà náà padà kò rántí ṣí dúróà. Ẹni tó fi mílíọ̀nù rẹ̀ rà á náà kò ṣí i.

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà kan, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀. Kò bínú sókè. Ó ní òun kò ní tà á, nítorí ẹni tí òun bá tà á fún lótìítọ́ kò ní san ìdajì owó òun, òun kò sì lè purọ́ fún un. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ìyẹn.

Ìwọ tí o ń ka èyí, bí o bá ń lọ sí Lomé lọ́sẹ̀ yìí láti wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, sun ibẹ̀ mọ́jú. Mú mẹkáníìkì dání, san owó iṣẹ́ rẹ̀ láìjanpata. Dé gáréèjì kí oòrùn tó là, gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, kí o sì ṣí dúróà kí o tó ka owó.